Àgọ́ àti bùdó ogun fún àfihàn ìtàn ní ilẹ̀ Èkìtì

Àgọ́ ni ibùgbé tí ènìyàn ń pa fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó bá jìnnà sílé, yálà ọdẹ ló ń ṣe, ìrìn àjò ló ń rìn, tàbí ogun ló lọ. Aṣọ lè jẹ́ ara rẹ̀, ó lè jẹ́ awọ, ó sì lè jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko. Àwọn kan wà tó máa ń ṣe àfihàn ìtàn: wọ́n á múra bí ará àtijọ́, wọ́n á jáde lọ sí pápá, wọ́n á dáná, wọ́n á ja ogun ẹ̀tàn, wọ́n á sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Lọ́dọ̀ irú wọn, àgọ́ ni ojú òǹwòran kọ́kọ́ ń bá pàdé láti òkèèrè. Òun ló ń gba owó jù, òun náà ló sì máa ń tètè tú àṣírí ẹni tí kò bèèrè ìtàn dáadáa kó tó náwó.

Eré yìí ti di nǹkan ńlá lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ogun abẹ́lé wọn, láàárín 1961 sí 1965, ló mú kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1968 ni ẹgbẹ́ Sealed Knot bẹ̀rẹ̀, ogun tí ọba wọn bá ìgbìmọ̀ aṣòfin jà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n sì ń fi hàn. Àwọn ẹgbẹ́ tó mú eré náà ní gidi a máa ṣòfin lórí irú aṣọ, irú okùn àti irú òpó tí àgọ́ gbọ́dọ̀ ní. Ní ilẹ̀ Èkìtì, kò sí ogun tí irú àfihàn bẹ́ẹ̀ yẹ ju ogun Èkìtìparapọ̀ lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ogun Kírìjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi òfin àgọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà wọn Kírìjì ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà. Jagunjagun tó wà lẹ́yìn Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtìparapọ̀, kò sùn nínú àgọ́ kánfáásì. Aṣojú gómìnà tó ti Èkó wá parí ìjà ni irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Nítorí náà, kí a tó bèèrè iye owó, a ní láti bèèrè ẹni tí a fẹ́ ṣe àti ọdún tí a fẹ́ fi hàn.

Bùdó Kírìjì

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn. Àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn aládùúgbò wọn fohùn ṣọ̀kan, wọ́n ní àwọn kò sin Ìbàdàn mọ́. Ìjà ńlá àkọ́kọ́, tí a ń pè ní ogun Jálumi, wáyé nítòsí Ìkirun lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Ìbàdàn ló sì borí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀tún àti òsì wá fìdí kalẹ̀ kojú ara wọn láàárín àwọn òkè tó wà láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Èkìtìparapọ̀ wà níhà Ìmẹ̀sí, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni olórí ogun wọn. Ìbàdàn wà níhà Ìgbájọ, Látòósà tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló kó wọn jọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, apá tí Ìbàdàn rò pé òun ó fi ká wọn kò sì ká wọn mọ́. Ogun náà wá di ìjókòó dè mí kí n jókòó dè ọ́. Ọdún 1885 ni Látòósà kú, inú bùdó ló sì kú sí.

Àlùfáà Samuel Johnson àti àlùfáà Charles Phillips ló ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀. Ní 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, Henry Higgins àti Oliver Smith, àwọn aṣojú tí ìjọba Èkó rán wá, kéde àlàáfíà lójú ogun náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ méjèèjì tú bùdó, tí wọ́n sì dáná sun ún. Ìjà tó kù láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin kò rọlẹ̀ títí Gómìnà Gilbert Carter fi rìn la ilẹ̀ Yorùbá já ní ìbẹ̀rẹ̀ 1893.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bùdó yìí gbọ́dọ̀ fi bó ṣe pẹ́ tó sọ́kàn. Ogun kì í sùn sábẹ́ ewé fún ọdún mẹ́fà, ọdún méje. Nígbà tí ọmọ ogun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibì kan, àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ àti ahéré koríko ni wọ́n máa ń pa. Bí ogun bá wá pẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri, wọ́n á kọ́lé gidi sábẹ́ òrùlé koríko. Ìyàwó á dé, ọmọ á dé, ọjà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Àwọn kan á dáko sẹ́yìn bùdó. Ìbàdàn fúnra rẹ̀, bùdó ogun ló kọ́kọ́ jẹ́ ní nǹkan bí 1829, kó tó di ìlú tó ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú onílùú. Ẹni tó bá fẹ́ kà sí i lórí bí wọ́n ṣe ń jagun nígbà náà, ìwé tí J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, àti Robert Smith kọ ní 1964 ni kó kọ́kọ́ wá. Kó tún wá èyí tí S. A. Akintoye, ọmọ Adó-Èkìtì, ṣe ní 1971.

Ìtumọ̀ èyí fún àwọn aṣàfihàn ni pé Kírìjì 1880 kò jọ Kírìjì 1885. Bí ìgbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kóra jọ ni a fẹ́ fi hàn, àtíbàbà tútù ló yẹ. Bí ọdún tí Látòósà kú ni, ilé amọ̀ ni ká kọ́, ẹgbẹ́ tó bá sì lè ṣe ìyẹn fún àfihàn ọjọ́ méjì kò wọ́pọ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ tí kò lówó púpọ̀ dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀ ogun, níbi tí ewé ti bá ìtàn mu tó sì bá àpò mu. Bí wọ́n bá ń to àwọn àtíbàbà náà, kí wọ́n má ṣe tò ó bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ṣọ́jà òde òní ń tò. Ọmọ ogun ìgbà náà ń tẹ̀lé olórí ogun tirẹ̀ ni, àgọ́ wọn á sì yí tirẹ̀ ká. Àgọ́ Ìjẹ̀ṣà lọ́tọ̀, ti Òkèmẹ̀sí lọ́tọ̀, pẹ̀lú àyè tó fẹ̀ láàárín wọn: òǹwòran á ti mọ̀ pé ìlú púpọ̀ ló para pọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Àgọ́ ewé

Òpó mẹ́fà tí orí wọn ṣe oríta ni a máa rì mọ́lẹ̀. Méjì àárín á ga ju mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ lọ kí omi òjò lè ráyè ṣàn. A ó gbé ọparun tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ lé àwọn oríta náà, a ó sì fi ìtàkùn tútù dì í, nítorí pé ìtàkùn tó ti gbẹ á dá mọ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ imọ̀ bẹ̀rẹ̀. Imọ̀ ti ògiri, a ó la igi rẹ̀ sí méjì láti orí dé ìdí, a ó hun ewé rẹ̀ wọnú ara wọn, a ó sì so ó mọ́ òpó. Ti òrùlé, odidi imọ̀ ni. Ìdí á wà lókè, orí á wà nísàlẹ̀, etí òrùlé tó wà nísàlẹ̀ ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ká tó máa gòkè, kí imọ̀ òkè lè gun èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè ti ṣínà fún omi pé kó wọlé.

Imọ̀ tútù dára lójú lọ́jọ́ tí a gé e. Kò ní pẹ́ tí ewé rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, tí oòrùn á máa yọ láàárín wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ìpele kan tó, kó fi ìkejì àti ìkẹta lé e. Bí òjò bá ń halẹ̀, ọgbọ́n kan wà tí kò ba ìtàn jẹ́ lójú: ká tẹ́ tapólì dúdú sáàárín ìpele imọ̀ méjì, ká sì ká etí rẹ̀ sínú kó má yọjú. Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ tapólì sétí rárá lè wá bẹẹrẹ, tó wà níhà odàn lápá àríwá ìpínlẹ̀ Èkìtì, tàbí ewé gbòdògì tí àwọn ará igbó kìjikìji ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi ń bo ilé kí páànù tó dé. Ewé fífẹ̀ ni gbòdògì. Wọ́n á fi igi ewé náà kọ́ ọ mọ́ pálàpálá ọparun lẹ́sẹẹsẹ, ìlà kan á sì bo ìdí èkejì. Òrùlé gbòdògì tó dáa kì í jò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò kéré, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì ti dàgbà.

Ewé ní àléébù tirẹ̀. Iná ni àkọ́kọ́. Òrùlé koríko àti ẹ̀tù ìbọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn, iná bùdó sì wà lára ohun tí àwọn jagunjagun àtijọ́ ń bẹ̀rù jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, tí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo nǹkan, ilé ìdáná gbọ́dọ̀ jìnnà sí àtíbàbà, ìbọn ẹ̀tàn kò sì gbọdọ̀ dún nítòsí imọ̀. Kí korobá yanrìn àti omi wà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni àkekèé àti ejò, tó fẹ́ràn ìdí imọ̀ gbígbẹ ju àwa lọ. Kí a má ṣe to imọ̀ tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ó sùn.

Àwọn tó ni àgọ́ aṣọ

Ibi tí igi àti ewé ti ṣọ̀wọ́n ni ìlò àgọ́ aṣọ àti àgọ́ awọ ti gbilẹ̀ jù. Àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ ń gbé nínú àgọ́ awọ, àwọn Móòrì a máa fi irun ẹran hun tiwọn. Awọ ni àwọn ọmọ ogun Róòmù fi ń ṣe àgọ́, ènìyàn mẹ́jọ ló sì ń pín ọ̀kan. Ohun tó sọ aṣọ di àgọ́ ogun káàkiri ayé ni pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kò lè máa gé igi níbi gbogbo tó bá sùn. Nígbà ogun Crimea, láàárín 1853 sí 1856, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lo àgọ́ roboto tó ní òpó kan ṣoṣo láàárín, tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì ṣóńṣó lókè. Bí ènìyàn méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń há sínú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn á kọjú sí òpó. Ní 1856, Henry Sibley, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí irú tirẹ̀, èyí tó jọ ọ́.

Àwọn òyìnbó tó rin ilẹ̀ adúláwọ̀ kó irú aṣọ yìí wá. Nígbà tí Stanley, ọ̀kan nínú wọn, ń múra ìrìn àjò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1887, ilé iṣẹ́ Benjamin Edgington ti Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe àgọ́ fún un. Wọ́n rẹ aṣọ rẹ̀ sínú omi tí wọ́n pò pẹ̀lú èròjà bàbà kí ó má baà jẹrà, ó sì lò ó fún ọdún mẹ́ta nínú òjò igbó Kóńgò. Ní àkókò kan náà ni kánfáásì Willesden jáde, tí èròjà bàbà sọ di aláwọ̀ ewé tó ṣá díẹ̀. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn wá ń lò nígbẹ̀yìn ọ̀rúndún náà. Orí ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé gbogbo rẹ̀. Ẹrù alágbàrù kan kì í sábà ju kìlógíráàmù 25 sí 30 lọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pín àgọ́ sí ẹrù: aṣọ lọ́tọ̀, òpó tí wọ́n gé sí méjì lọ́tọ̀, àpò èèkàn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe àfihàn ìrìn àjò Carter ní 1893 tí kò fi alágbàrù kún un ti gbàgbé àwọn tó ru ìrìn àjò náà.

Fún àfihàn Kírìjì, àgọ́ aṣọ kan tàbí méjì ti tó, tó bá jẹ́ pé àwọn aṣojú ìjọba àti ẹ̀ṣọ́ wọn ni yóò wà nínú rẹ̀. Kí ó dúró ní ìta bùdó, níbi tí ọ̀tún àti òsì ti lè rí i. Àgọ́ onígun méjì tó ní òpó iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí aṣọ kejì sì bo òrùlé rẹ̀, yẹ ọ̀gá. Àgọ́ roboto yẹ àwọn ẹ̀ṣọ́. Àgọ́ aláwọ̀ ewé ti ṣọ́jà òde òní, tó ní fèrèsé rọ́bà àti síìpù, kò yẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Bí ogun Burma, ti Ogun Àgbáyé Kejì, ni ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wà nínú Dífísọ̀n 81 Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ru ẹrù wọn lórí gba àfonífojì Kaladan kọjá ní 1944, òfuurufú ni wọ́n sì ti ń ju oúnjẹ sí wọn. Ọparun àti ewé tún padà di ìbora níbẹ̀.

Kánfáásì nínú òjò àti ọyẹ́ Èkìtì

Kánfáásì tó bá ìtàn mu ni èyí tó jẹ́ òwú pátápátá. Èyí tí wọ́n pò òwú mọ́ ọ̀rá fúyẹ́ díẹ̀, kì í sì í tètè hu èéhù. Láti òkèèrè, ojú kì í mọ ìyàtọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe kánópì ńkọ́? Ó ń dán nínú oòrùn, ojú á sì mọ̀ ọ́n kíá. Ọ̀nà kan wà láti mọ òótọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń búra. Ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ létí aṣọ náà, ẹ fi iná ìṣáná kàn án. Òwú gidi á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rún lọ́wọ́. Ọ̀rá á yọ́, á ká jọ di kókó dúdú kékeré tó le.

Ìwúwo ló kàn. Gíráàmù ni wọ́n fi ń wọn kánfáásì fún sukuéà mítà kan, púpọ̀ nínú àgọ́ òwú tó wà lọ́jà àgbáyé sì wà láàárín 285 sí 360. Èyí tó fúyẹ́ jù á ya nínú ìjì, èyí tó wúwo jù á di ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé. Àgọ́ roboto tó fẹ̀ tó mítà 5 bo ilẹ̀ tó tó bíi sukuéà mítà 20. Ènìyàn mẹ́rin pẹ̀lú àpótí, ẹní àti ohun ìjà wọn á rọ̀ ṣọ̀ọ̀ nínú rẹ̀. Méjìlá ti Crimea, kí àwọn tó bá fẹ́ jìyà bí baba ńlá ẹlòmíràn ṣe jẹ ẹ́ máa ṣe é.

Àgọ́ òwú tuntun a máa jò lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ bá a, olówó rẹ̀ á sì gbà pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Wọn ò lù ú. Òwú ní láti mu omi kó wú, kí ihò tó wà ní ojú rírán àti láàárín fọ́nrán rẹ̀ lè dí. Nítorí náà, kí àfihàn tó dé, ẹ na àgọ́ náà síta, ẹ da omi sí i títí yóò fi rin gbingbin, pàápàá ní ojú rírán, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ porogodo. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí òjò bá wá ń rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi orí tàbí ẹrù kan aṣọ náà láti inú, nítorí pé ibi tí nǹkan bá ti kàn án ni omi á ti rí ọ̀nà wọlé.

Òjò Adó-Èkìtì lọ́dún máa ń kọjá mílímítà 1,200, oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ títí wọ oṣù Kẹwàá. Òjò yẹn kì í pa kánfáásì bí èéhù ṣe ń pa á. Àgọ́ tí a ká ní tútù lálẹ́ Àìkú, tí a sì jù sẹ́yìn ilé, á ti ní àmì dúdú kó tó pẹ́, òórùn rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́. Ẹ tún ra èyí tí wọ́n ti fi èròjà tó ń lé èéhù rẹ. Ẹni tó bá ń ra tokunbọ̀, kó tú u sílẹ̀ pátá kó tó sanwó, kó fi imú gbọ́ igun rẹ̀, kó sì gbé e sókè wo oòrùn. Ibi tó bá ti ń tàn bí ìràwọ̀ ti jẹ.

Ikán tún wà ńbẹ̀. Òpó igi tí a fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa wa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á ti ní àlejò. Kánfáásì tí etí rẹ̀ kan ilẹ̀ kò yọ. Kí àgọ́ náà ní ìgbátí aṣọ tó ṣeé pààrọ̀ nísàlẹ̀, kí aṣọ ilẹ̀ inú rẹ̀ sì dá dúró láìjẹ́ pé wọ́n rán an mọ́ àgọ́. Àgọ́ àtijọ́ kò ní ilẹ̀ tí wọ́n rán mọ́ ọn, nítorí náà ìtàn àti ọgbọ́n fohùn ṣọ̀kan níbí. Èyí tún dára nítorí ooru, torí pé a lè ká ẹ̀gbẹ́ àgọ́ sókè lọ́sàn-án kí atẹ́gùn wọlé. Kánfáásì funfun lábẹ́ oòrùn oṣù Kejì láìsí igi lórí rẹ̀ kì í ṣeé jókòó sí tí ọ̀sán bá ti pọ́n.

Ti èèkàn, ilẹ̀ Èkìtì kò rọrùn. Àpáta wà lábẹ́ erùpẹ̀ níbi púpọ̀, àpáta sì wà lórí ilẹ̀ gan-an láti òkè Ìmẹ̀sí títí dé Olóṣùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Èèkàn igi á ṣẹ́, irin á tẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí a so okùn mọ́ òkúta ńlá, tàbí mọ́ àpò ìdọ̀họ tí a rọ yanrìn sí tí a sì fi ewé bò. Okùn fọ́nrán igi tàbí òwú ló yẹ ìtàn, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tó gba ìṣọ́ra: bí omi bá bá a, á súnkì, á fa èèkàn tu tàbí kó fa ojú rírán ya. Kí ẹ̀ṣọ́ alẹ́ dẹ okùn díẹ̀ kí òjò tó dé, kó sì tún fà á le láàárọ̀. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàárín oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, ló burú jù. Òun náà ló ń ṣí páànù ilé onílé, kí ni àgọ́ fẹ́ sọ?

Ohun tó wà ní Adó

Ní Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì, bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, kò ṣòro láti rí àdúgbò tí wọ́n ti fi kánópì dí ọ̀nà nítorí ìnáwó. Àwọn ọmọkùnrin tó ń to kánópì mọ iṣẹ́ ìdúró aṣọ lójú atẹ́gùn ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Wọ́n mọ ìhà tí ìjì ti ń wá, wọ́n mọ bí a ṣe ń so ẹsẹ̀ irin mọ́ korobá tí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sí níbi tí ọ̀dà kò jẹ́ kí èèkàn wọlé. Ẹgbẹ́ aṣàfihàn tó bá gbọ́n á háyà ọwọ́ wọn. Kánópì fúnra rẹ̀ ní ibi tó yẹ: àwọn òǹwòran ni kó bò. Nígbà ọdún Ùdírokò, tí orúkọ rẹ̀ ń rántí ìjókòó Ẹ̀wí, ọba Adó, àti àwọn ìjòyè rẹ̀ lábẹ́ igi ìrókò, abẹ́ kánópì ni àlejò ń jókòó sí báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó bí àbùkù.

Ní Ọjà Bísí àti Ọjà Ọba, tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ rọrùn láti rí ju kánfáásì òwú lọ. Bí wọ́n bá ní òwú ni, iná ìṣáná wà. Àwọn tó ń rán àga ọkọ̀ àti kánópì ní ẹ̀rọ tó lè gun kánfáásì wíwúwo, wọ́n sì lè ran àgọ́ onígun méjì láti inú àwòrán bí a bá fún wọn ní ìwọ̀n tó péye. Kí wọ́n fi òwú onífọ́nrán méjì rán an, kí wọ́n sì ká etí aṣọ méjèèjì wọnú ara wọn ní ojú rírán, nítorí pé ìránṣọ lásán ni omi kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dínwó ju èyí tí a pàṣẹ láti òkè òkun lọ. Bó bá tiẹ̀ wọ́ lójú díẹ̀, èmi ò rí ẹ̀bi nínú ìyẹn: àgọ́ tó ti rin ọ̀nà Èkó dé Ìmẹ̀sí lórí alágbàrù kò lè ṣaláì wọ́.

Ojú àwọn ènìyàn ti ń là sí irú nǹkan báyìí nítorí fíìmù. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan ní 2022, àti Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ ní 2023, tí ìtàn rẹ̀ dá lórí bùdó tí wọ́n ti ń kọ́ jagunjagun, ti jẹ́ kí òǹwòran máa bèèrè bóyá ilé báyìí, aṣọ báyìí, bá ìgbà náà mu. Òǹwòran yẹn kò ní gbà kí a gbé àga rọ́bà àti kúlà sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ Ògèdèǹgbé. Ẹní, àpótí ìjókòó, ìkòkò, agbè, àti kíjìpá tí àwọn obìnrin Èkìtì ń hun lórí òfì òró ló yẹ inú rẹ̀. Kíjìpá nípọn, ó gbóná fún ọyẹ́ òru orí òkè, ó sì pẹ́ kó tó gbó. Àwọn tó ń hun ún kò tíì tán. Àgọ́ Higgins lè ní tábìlì tó ṣeé ká, ibùsùn tó ṣeé ká, àtùpà àti àpótí ìwé.

Bí ẹgbẹ́ kan bá jẹ́ ogún ènìyàn, ohun tí mo máa dá lábàá ni àtíbàbà imọ̀ mẹ́fà tàbí méje, àti àgọ́ kánfáásì kan péré, èyí tí gbogbo wọn dá owó jọ rà. Kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ilé tí yóò máa gbé láàárín àfihàn kan sí èkejì: yàrá gbígbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, tí pẹpẹ wà nínú rẹ̀ kí ó má kan ilẹ̀, tí eku kò sì pọ̀. Bí kò bá sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí wọ́n máa háyà àgọ́.